Ẹ Yé Bi Wá Pé «Ṣé Ó Yé Yín?»

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọdé lọ́sàn-án àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àgbà lálẹ́, ìbéèrè kan wà tí ẹ fẹ́ràn jù. Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Ìpóbẹ̀, títí kọjá ààlà dé Àtàkpàmé ní ilẹ̀ Tógò, kò sí kíláàsì tí a kì í ti gbọ́ ọ. Ẹ ó kọ nǹkan sára pátákó, ẹ ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ ó yíjú padà, ẹ ó sì béèrè pé: «Ṣé ó yé yín?» Gbogbo kíláàsì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé: «Ó yé wa!» Bí ó bá jẹ́ Faransé ni ẹ fi ń kọ́ wọn, wọ́n á fa ohùn gùn bí ẹni ń kọrin: «Oui, monsieur!» Lẹ́yìn náà ẹ ó pa pátákó rẹ́, ẹ ó bọ́ sórí ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láì fi bò: ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè. Ìkíni ni. Bí ẹnì kan bá pàdé yín lọ́nà oko tó ní «Ṣé dáadáa ni?», ẹ ó ní «Dáadáa ni», bí ẹsẹ̀ tilẹ̀ ń dùn yín, bí àgbàdo tilẹ̀ ti gbẹ mọ́lẹ̀. Ẹ kò purọ́, ẹ kò sì sọ òtítọ́. Ẹ dá ìkíni lóhùn ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni «Ó yé wa» rí.

Ta ni ẹ rò pé yóò dìde láàárín ọgọ́ta ènìyàn láti sọ pé kò yé òun? Ọmọdé ń bẹ̀rù pàṣán, ó sì ń bẹ̀rù ẹ̀rín ẹgbẹ́ rẹ̀ ju pàṣán lọ. Ìyá tó ti bí ọmọ márùn-ún, tó fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀ lálẹ́ láti wá kàwé, kò ní fẹ́ kí olùkọ́ tí kò ju ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ máa wo òun bí òpè. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tí nǹkan kò yé kì í sábà mọ̀ pé kò yé òun. Ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ bá bi í bóyá ó yé e, ẹ ń ní kí aláìsàn fúnra rẹ̀ wá dárúkọ àrùn tí ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ọmọ tó bá ti ń pariwo «Ó yé wa» láti CI títí dé CM2, ọjọ́ ìdánwò CEP ni àṣírí rẹ̀ á tú. Ní ọjọ́ náà kò sí ariwo, ìwé àti kálámù nìkan ló wà. Bàbá rẹ̀ á ní olódo ni, á ní kó lọ kọ́ṣẹ́ tàbí kó tẹ̀lé òun lọ sóko. Bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́fà ló fi jókòó sórí àga ilé-ìwé láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan kó mọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Ní ti ẹ̀kọ́ àgbà, kò tilẹ̀ sí ìdánwò tó lè tú àṣírí. Ẹnu ìwọ̀n ló ti ń tú. Oníṣòwò á wọn àpò kajú tàbí àpò òwú lójú ẹni, á kọ iye kan sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó kàwé lálẹ́ lè ka iye náà. Ó kà á. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò béèrè lórí rẹ̀, nítorí pé ní ibi tó ti kọ́ ìwé kò sí ẹni tó kọ́ ọ láti béèrè ohunkóhun.

Àwọn kan á sọ pé àwa Nàgó kò mọ ìbéèrè bí í ṣe, pé àwọn aláwọ̀ funfun ni ó ni í. Irọ́ ni. Ìyá tó fẹ́ ra iṣu lọ́jà Kétu kì í bi oníṣu pé «Ṣé iṣu yìí dára?» Ó ti mọ ohun tí oníṣu máa sọ. Ó ń béèrè pé: «Oko wo ló ti wá? Ọjọ́ wo lẹ wú u?» Á tún fi èékánná ha ìdí rẹ̀ wò. Oníṣègùn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní: «Níbo gan-an ló ti ń dùn ọ́? Ṣé òwúrọ̀ ló ń le ni, àbí òru? Kí lo jẹ lánàá?» Kò jẹ́ béèrè pé «Ṣé àìsàn rẹ yé ọ?»

Ẹ tún wo àlọ́ àpamọ̀. Ìyá àgbà á pa á, àwọn ọmọ á dákẹ́, wọ́n á ronú. Ọ̀kan á ní odó ni, ìkejì á ní ìkòkò ni. Ìyá àgbà á ní: «Báwo ló ṣe jẹ́ odó?» Ọmọ á ṣàlàyé, ẹlòmíràn á já a, wọ́n á jiyàn. A kì í na ọmọ nítorí pé kò mọ àlọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó pa àlọ́ kì í já a fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé inú ìrònú yẹn gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Olùkọ́ tó dàgbà nínú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi gbàgbé gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì?

A mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ní ilé-ìwé tí àwọn Faransé gbé kalẹ̀ ní ilẹ̀ wa, wọ́n máa ń so àmì kan mọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Igi ni níbì kan, egungun tàbí ìkarahun ni níbòmíràn. Ọmọ tó bá gbé e kọ́rùn á máa ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kó lè tètè rí ẹni tí yóò gbé e fún. Nínú irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, ta ni yóò la ẹnu béèrè ọ̀rọ̀? Ìbéèrè di ìdẹkùn tí olùkọ́ ń dẹ sílẹ̀, ìdáhùn di ọ̀nà tí ọmọ ń gbà yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká ti gbogbo rẹ̀ sọ́rùn Faransé. Ọdún 1960 ni Dahomey, tó yí orúkọ padà sí Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, gba òmìnira. Àwọn olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, àwa la bí wọn, àwa la kọ́ wọn. Láti 1999 ni ètò ẹ̀kọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tó ní kí ọmọ máa wá ìdáhùn fúnra rẹ̀. Ìwé yí padà, orúkọ ẹ̀kọ́ yí padà, ọ̀nà tí à ń gbà fún ọmọ ní máàkì yí padà. «Ṣé ó yé yín?» kò yí padà.

Ó ní àbúrò kan tí n kò lè ṣàì mẹ́nu bà. Olùkọ́ á ní: «Olú-ìlú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni Àjà...?» Àwọn ọmọ á ní: «...ṣẹ́!» Inú olùkọ́ á dùn. Òun ló dáhùn ìbéèrè rẹ̀, àwọn ọmọ kàn bá a gbé ìrù rẹ̀ ni.

Kí wá ni kí olùkọ́ ṣe? Ohun àkọ́kọ́ kò ní owó nínú, kò sì ní ìwé nínú: kó dúró. Obìnrin onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe ni orúkọ rẹ̀, gba ohùn àwọn olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé sílẹ̀ nínú kíláàsì, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1974. Ó rí i pé bí olùkọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀ tán, kì í dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá kan! Kí ọmọ tó gbọ́ ìbéèrè tán, ìdáhùn ti kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ náà kọ́ láti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, «N kò mọ̀» dín kù, àwọn tí wọ́n ti kà sí aláìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan fúnra wọn. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n fi kún un. Dídúró ni.

Ẹ dán an wò lọ́la. Ẹ béèrè, kí ẹ sì kà á sínú: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ẹ ó rí i pé ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àárín kíláàsì á pa rọ́rọ́, ara yín á máa yún yín láti sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ máa ń ba olùkọ́ lẹ́rù ju àìmọ̀ ọmọ lọ. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé, tí kò gbọ́ ariwo, á rò pé olùkọ́ ti sùn. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà: kíláàsì tó ń pariwo kọ́ ni kíláàsì tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí ọmọ bá sì dáhùn tán, ẹ tún dúró díẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ó gbà á tàbí kò gbà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ máa ń fi nǹkan kún un, tàbí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní «Rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀», tí wọ́n á sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún un.

Nǹkan kékeré kan wà lórí orúkọ pípè. Olùkọ́ tó bá ní «Ṣàgbéyí, mẹ́jọ lọ́nà méje jẹ́ mélòó?» ti sọ fún gbogbo kíláàsì yòókù pé kí wọ́n lọ sinmi. Ṣàgbéyí nìkan ni yóò làágùn. Ẹ béèrè ná, kí ẹ dúró kí gbogbo orí ṣiṣẹ́, kí ẹ tó dárúkọ. Kí ẹ má sì máa pe àwọn mẹ́ta tó wà níwájú lójoojúmọ́, àwọn tí ń ta ìka «pá! pá!» tí wọ́n ń kígbe «Moi, monsieur! Moi, monsieur!» bí ẹni pé iná ń jó wọn. Àwọn yẹn ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tó ti mọ̀ pé ẹ kì í pe àwọn, àwọn ni kíláàsì yín wà fún.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìṣirò kan, ká sì farabalẹ̀ lórí rẹ̀. Olùkọ́ kọ ọ́ sára pátákó pé kí wọ́n yọ 178 kúrò nínú 402. Ọmọbìnrin kan jáde, ó kọ 376. Olùkọ́ ní: «Kò rí bẹ́ẹ̀! Ẹlòmíràn!» Ọmọkùnrin kan sáré jáde, ó kọ 224. «Ó dára! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!» Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó tán. Kí ni ọmọbìnrin yẹn kọ́? Ó kọ́ pé òun kò mọ ìṣirò. Kí ni olùkọ́ kọ́? Kò kọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ọmọ náà kọ sára pátákó ti tú gbogbo inú rẹ̀ síta fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Ẹ wò ó dáadáa. 376 yẹn kò já látojú sánmà. Ó yọ 2 kúrò nínú 8, ó ku 6. Ó yọ 0 kúrò nínú 7, ó ku 7. Ó yọ 1 kúrò nínú 4, ó ku 3. Níbi gbogbo, ó ń yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀, kò bìkítà èwo ló wà lókè, èwo ló wà nísàlẹ̀. Òfin kan wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé e tọkàntọkàn. Òfin náà ló wọ́, ọmọ kò ya olódo. Bí ẹ kò bá bi í léèrè, òfin wíwọ́ yẹn ni yóò gbé dé CM2, á sì gbé e dé ọjà.

Ìbéèrè tó yẹ kí olùkọ́ bi í ni: «Ṣàlàyé fún wa bí o ṣe ṣe é.» Kó sọ ọ́ láì bínú, pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi ń bá ẹni tó gbà á sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá ṣàlàyé tán, kí olùkọ́ má tíì sọ pé kò tọ̀nà. Kó ní: «Màmá rẹ ní fàráńkì 402 lọ́wọ́, ó ná 178. O ní ó ku 376. Kó èyí tó ná àti èyí tó kù pọ̀ ká rí iye tó jẹ́.» Ọmọ á ṣe é, á rí 554. Á tún un ṣe, nítorí kò ní gbà á gbọ́. Á tún rí 554. Ojú rẹ̀ á wá là: báwo ni màmá ṣe máa ní 402, kó ná nínú rẹ̀, kí owó rẹ̀ sì di 554? Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó ṣì í. Òun fúnra rẹ̀ ló ká òfin wíwọ́ náà mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè wá kọ́ ọ bí a ṣe ń yá mẹ́wàá lọ́wọ́ aládùúgbò, yóò sì gbọ́, nítorí pé ó ti ń wá ohun tí ẹ fẹ́ fún un.

Ẹ má gbàgbé ọmọkùnrin tó kọ 224. Ẹ bi òun náà pé: «Báwo lo ṣe ṣe é?» Ó lè jẹ́ pé síléètì ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wò. Pàápàá jù lọ, bí ẹ bá ń béèrè «báwo» lọ́wọ́ ẹni tó ṣì í nìkan, kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ á fi mọ̀ pé «báwo» túmọ̀ sí «o ti ṣì í». Ọmọ kì í pẹ́ mọ ohun tó wà nínú olùkọ́.

Èmi kò sọ pé kí ẹ má béèrè «kí ni» mọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ mẹ́jọ lọ́nà méje lórí, kò sí ìjíròrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ «kí ni» nìkan ni, ẹnu ló ń ṣiṣẹ́, orí ń sùn. Ẹ wo ẹ̀kọ́ ibà ní ibùdó ẹ̀kọ́ àgbà. Olùkọ́ ní: «Kí ní ń fa ibà?» Gbogbo wọn ní: «Ẹ̀fọn!» Ó tán. Wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀bá kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ ilé kọjá, kòtò tí omi òjò ti dúró nínú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lọ sùn láìta àwọ̀n. Ká ní olùkọ́ náà ti béèrè pé: «Ládùúgbò tìrẹ, níbo ni omi ti dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ?» Ká ní ó ti ní: «Ìyá Àdùkẹ́, ẹ dákun, ẹ ti gba àwọ̀n láti ilé ìwòsàn. Kí ló dé tí ẹ kì í sùn lábẹ́ rẹ̀?» Ìyá á ní ooru ni. Ẹlòmíràn á ní ojú ilé kò gba àwọ̀n, ọmọ mẹ́rin ló ń sùn lórí ẹní kan. Ẹ̀kẹta á ní òun ti fi í bo ẹ̀fọ́ lóko. Nígbà náà ni ẹ̀kọ́ ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún fi èyí lé e: «Ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé oòrùn ló fa ibà tí ń ṣe òun. Kí lo máa sọ fún un, tí yóò fi gbà ọ́ gbọ́?» Ẹni tó bá lè dáhùn èyí, ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní «Ẹ̀fọn!» lásán, a kò mọ ohun tó mọ̀.

Mo gbọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Faransé. Ẹ ní ọmọ CI kò lè ṣàlàyé «báwo» àti «kí ló dé» ní èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́. Òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè tú jáde ní Faransé, nítorí náà ìbéèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ ń bi í. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi èyí ṣe àwáwí láéláé. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe olórí rẹ̀: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, láti ọdún ilé-ìwé 2013-2014 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán èdè abínibí wò nínú àwọn ilé-ìwé díẹ̀, Yorùbá sì wà lára wọn. Kí a tó dé ibi tí gbogbo ilé-ìwé máa gbà á, ta ló dí yín lọ́wọ́ láti ní: «Sọ ọ́ ní Nàgó ná, lẹ́yìn náà a ó jọ wá a ní Faransé»? Àmì ọrùn ti kúrò nílẹ̀. Ẹ má gbé e sínú ọkàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àgbà ni ọ̀rọ̀ yìí dùn mí lórí yín jù. Èdè ìyá wọn lẹ fi ń kọ́ wọn. Ẹ kò ní àwáwí Faransé. Síbẹ̀, kí la ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri ibùdó yín lálẹ́? «Ba, be, bi! Ẹ wí tẹ̀lé mi!» Àwọn tó ti dá oko, tó ti ṣòwò, tó ti parí ìjà láàárín ìdílé méjì, ni ẹ ń mú wí tẹ̀lé yín bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta. Paulo Freire, ará Bùràsílì, níbi tí àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wá, kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí ọ̀ọ́dúnrún ní ìwé kíkà ní ìlú Angicos ní 1963. Kò fi «Ẹ wí tẹ̀lé mi» bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ wọn ló mú, ó bi wọ́n léèrè nípa rẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1964, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, lẹ́yìn náà ó sá kúrò nílùú. Ẹ rò ó wò: kí ló wà nínú a-b-d tó lè ba ológun lẹ́rù? Kò sí. Ìbéèrè ló bà wọ́n lẹ́rù. Ní 1985, òun àti Antonio Faundez, ará Ṣílè, tún tẹ odindi ìwé kan jáde lórí ìbéèrè bíbi nínú ẹ̀kọ́.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà «ìwọ̀n». Ẹ kọ ọ́ sára pátákó. Kí ẹ tó pín in sí ì-wọ̀n, ẹ béèrè pé: «Ta ló ni ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn kajú yín lọ́dún tó kọjá? Kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ gbà pé ó péye? Báwo la ṣe lè dán an wò?» Ẹ ó rí i pé kò sí ẹni tí yóò sùn ní ibùdó yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àwáwí mìíràn ni pé ọmọ pọ̀ jù, pé ẹnì kan kò lè bi ọgọ́ta ọmọ léèrè. Mo gbà pé wọ́n pọ̀ jù, kí ìjọba kọ́ kíláàsì kún un. Ṣùgbọ́n síléètì wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti pé gbogbo olùkọ́ tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní La Martinière. Olùkọ́ á béèrè, á kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ronú. Á tún kàn án, wọ́n á kọ ìdáhùn. Á kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, ọgọ́ta síléètì á gòkè. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti rí ohun tó wà lórí ọgọ́ta ọmọ, ẹnikẹ́ni kò sì pariwo. Kí ló burú nínú èyí? Pé a ti sọ ọ́ di eré ìdárayá fún ìṣirò òwúrọ̀ nìkan, àti pé olùkọ́ máa ń kan tábìlì «kó-kó-kó» láìdúró láàárín rẹ̀. Ẹ lò ó fún ẹ̀kọ́ gbogbo. Ẹ kọ ìdáhùn mẹ́ta sára pátákó, kí wọ́n mú ọ̀kan, kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mú èyí tí kò tọ̀nà ìdí tí wọ́n fi mú un.

Pé ètò ọdún kò ní parí? Ètò ta ni? Bí olùkọ́ bá dé ojú ewé tó kẹ́yìn ní oṣù kẹfà, tí ọmọ sì wà ní ojú ewé kẹwàá, ta ló parí rẹ̀?

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, ibẹ̀ ni ojú ti ń kan. Wọ́n ní bí a bá kọ́ ọmọ láti béèrè «kí ló dé», á di aláfojúdi, á máa bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Ṣé àwọn àgbà wa kọ́ ló sọ pé abèèrè kì í ṣìnà ni? Ọmọ tó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, tó sì béèrè ìdí tí wọ́n fi ń re irúgbìn sómi kí wọ́n tó gbìn ín, ibo ni àfojúdi wà níbẹ̀? Àfojúdi wà nínú ohùn, kò sí nínú ìbéèrè. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù ìbéèrè tí a kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Olùkọ́ tó bá ní «N kò tíì mọ̀, ẹ jẹ́ ká wá a», kò pàdánù ọ̀wọ̀ kankan. Olùkọ́ tó bá fi pàṣán dáhùn ló pàdánù rẹ̀, àwọn ọmọ kàn kò lè sọ ọ́ ní ojú rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin alábẹ̀wò ilé-ìwé, nígbà tí ẹ bá dé, ẹ kì í ju ìwé ìmúrasílẹ̀ olùkọ́ wò lọ, bóyá wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i. Ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì kí ẹ ka ìbéèrè. Ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ fún èyí tí olùkọ́ béèrè, ìlà mìíràn fún èyí tí ọmọ béèrè. Ẹ fi ìwé náà han olùkọ́ kí ẹ tó lọ.

Ẹ̀yin òbí náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí bàbá tàbí ìyá má jókòó sẹ́yìn kíláàsì ọmọ rẹ̀ fún wákàtí kan, bí ó bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè fi òkúta kéékèèké ka ìbéèrè.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní ibùdó lálẹ́ òní, lábẹ́ àtùpà, bí olùkọ́ yín bá yíjú kúrò lára pátákó tó ní «Ṣé ó yé yín?», ẹ má ṣe ní «Ó yé wa». Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé: «Olùkọ́ wa, ẹ bi wá wò.»